Ìwé Mẹ́ta Péré: Bí Ẹ Ṣe Máa Yan Ìwé Kẹ́místrì, Báyọ́lọ́jì àti Materials Science, Tí Ẹ Ó sì Kà Wọ́n Yanjú

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kẹ́místrì, báyọ́lọ́jì àti materials science (ẹ̀kọ́ nípa irin, pólímà àti àwọn ohun mìíràn tí a fi ń ṣe nǹkan) kì í sábà kùnà nítorí àìrí ìwé. Ìwé ló máa ń pọ̀ jù. PDF ogójì á wà lórí fóònù, fọ́tòkọ́pì méjì á wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìwé tòkunbọ̀ kan tó wúwo bíi búlọ́ọ̀kù á wà lórí tábìlì, síbẹ̀ kò sí èyí tí ẹni náà kà kọjá orí kẹta. Tó bá wá ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, á di ká máa há ìbéèrè àtijọ́ sórí.

Ìwé kan ṣoṣo ni ẹ nílò fún ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kó jẹ́ èyí tó bá ibi tí ẹ dé mu, kí kẹ́místrì sì máa ṣíwájú, torí òun ni àwọn méjì yòókù fẹ̀yìn tì.

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ ná

- Sílábọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ yín, bí ẹ bá wà nílé ẹ̀kọ́: ti CHM 101 àti BIO 101. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ọdún kejì ni materials science sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́ lè lo ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún tó wà ní ìgbésẹ̀ kẹfà.
- Ìwé nótù mẹ́ta, pẹ́ńsù, rúlà àti pépà gíráàfù díẹ̀.
- Kálíkúlétọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ní bọ́tìnnì log, ln àti EXP (lórí òmíràn, ×10ˣ ni wọ́n kọ síbẹ̀).
- Periodic table kan tí wọ́n tẹ̀ sórí pépà, kì í ṣe èyí tó wà lórí fóònù. Ẹ máa wò ó ju ìgbà ogún lọ lójúmọ́, fóònù á sì máa fa ojú yín síbòmíràn.
- Ọsàn mẹ́rìnlá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.
- Wákàtí mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀: mẹ́rin fún kẹ́místrì, mẹ́ta fún báyọ́lọ́jì, méjì fún materials science.

Ẹ dán kálíkúlétọ̀ yín wò lónìí. Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù káríbọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ni 12 tí a pín sí 6.022 × 10²³ (iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú móòlù kan). Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, «12 ÷ 6.022 × 10 ^ 23», á rí 1.99 × 10²³ gíráàmù, ìyẹn átọ́ọ̀mù kan tó wúwo bí òkè ńlá. Ẹ̀rọ náà ti pín in tán kó tó wá fi 10²³ sọ ọ́ di púpọ̀. Bọ́tìnnì EXP ló ń so 6.022 àti 10²³ pọ̀ di nọ́ńbà kan.

Àyẹ̀wò: ìdáhùn tó tọ̀nà ni 1.99 × 10⁻²³ g. Bí kálíkúlétọ̀ yín kò bá fún yín ní èyí, ẹ má ṣí ìwé kankan títí ẹ ó fi mọ ìdí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí ẹ dé

Ẹ jókòó fún ogún ìṣẹ́jú láìṣí ìwé. Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́rin yìí.

a. Móòlù mélòó ló wà nínú omi 36 g?
b. Bí a bá sun káríbọ́ọ̀nù 12 g tán pátápátá nínú ọ́síjìn tó pọ̀ tó, gíráàmù CO₂ mélòó la ó rí?
d. A po iyọ̀ NaCl 5.85 g mọ́ omi, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 500 cm³. Mélòó mol/dm³ ni?
e. Kí ni pH ásíìdì HCl 0.01 mol/dm³?

Ìdáhùn: móòlù 2, 44 g, 0.2 mol/dm³, pH 2.

Ìbéèrè kẹta ló ń tú àṣírí. Ẹni tó rí 0.1 ti wá móòlù rí, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti pín in. Ẹni tó rí 0.0002 fi 500 pín in, kò rántí pé 500 cm³ jẹ́ 0.5 dm³. Àṣìṣe méjèèjì yàtọ̀, àtúnṣe wọn náà yàtọ̀: ti àkọ́kọ́, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni kò yé e, ti èkejì, ìwọ̀n ni kò fiyè sí.

Bí ẹ bá gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ ṣe àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọjá sí ìgbésẹ̀ kejì. Bí ẹ bá gba méjì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ìwé yunifásítì kò tíì kàn yín. Ẹ mú *New School Chemistry* ti Osei Yaw Ababio, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì ń lò káàkiri Nàìjíríà, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe orí tó sọ nípa móòlù, bí átọ́ọ̀mù ṣe rí, bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra, àti ásíìdì òun béèsì. Orí mẹ́rin yẹn nìkan, kì í ṣe gbogbo ìwé. Bí báyọ́lọ́jì náà bá ti pẹ́ lọ́wọ́ yín, *Modern Biology* ti Ramalingam á tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: ojú ń tì wọ́n láti padà sí ìwé sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí wọ́n ti wọ yunifásítì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún kan tí ẹni tí kò mọ móòlù máa fi jìjàkadì.

Àyẹ̀wò: ẹ yí nọ́ńbà inú ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, kí ẹ tún wọn ṣe. Mẹ́rin nínú mẹ́rin ni ká tó tẹ̀síwájú.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé kẹ́místrì

Èyí tí a fọwọ́ sí fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni *Chemistry 2e* ti OpenStax, tó jáde ní 2019. Yunifásítì Rice ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà ló dá OpenStax sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni PDF rẹ̀, òfin sì gbà kí ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí ẹ pín in fún ọ̀rẹ́. Orí 21 ló ní. Ohun tó mú kó dára fún ẹni tó ń dá kẹ́kọ̀ọ́ ni pé lẹ́yìn àpẹẹrẹ tí wọ́n ti ṣe, wọ́n á tún fún yín ní irú rẹ̀ kan láti ṣe, ìdáhùn á sì wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ìdáhùn àwọn ìbéèrè tí nọ́ńbà wọn kò ṣe é pín sí méjì dọ́gba (1, 3, 5…) wà lẹ́yìn ìwé.

Bí ẹ bá ti ní ìwé kẹ́místrì ti Zumdahl tàbí ti Chang lọ́wọ́, ẹ má wá òmíràn. Àwọn méjèèjì dára, wọ́n sì kárí ohun kan náà. *Chemical Principles* ti Atkins àti Jones jinlẹ̀ jù wọ́n lọ. Ó yẹ ẹni tí kálíkúlọ́ọ̀sì kò dẹ́rù bà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. Ọ̀kan, OpenStax ní ìwé mìíràn tó ń jẹ́ *Chemistry: Atoms First*. Ohun inú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ wọ́n to orí rẹ̀ lọ́nà mìíràn, nítorí náà nọ́ńbà orí tí a kọ síbí kò ní bá a mu. Èkejì, *Physical Chemistry* tí Atkins kọ kì í ṣe ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rárá. Orúkọ òǹkọ̀wé tí àwọn èèyàn mọ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n rà á.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí orí 7. Bí ó bá dá lórí bí átọ́ọ̀mù ṣe ń so mọ́ra, ìwé tó tọ́ ló wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwé báyọ́lọ́jì

Méjì ló wà níbí, àwòrán ló sì máa pinnu. *Campbell Biology* ní àwòrán tó dára jù lọ nínú àwọn ìwé ìbẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú nọ́ńbà lórí àwòrán. Bí ẹ bá rí tòkunbọ̀ rẹ̀ ra, láti ẹ̀dà kẹsàn-án sókè, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá rí i, *Biology 2e* ti OpenStax, tó ní orí 47, tó yín, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹ má fi fọ́tòkọ́pì dúdú-funfun ka báyọ́lọ́jì. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń yà purotéènì sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, tí wọ́n sì fi ń ya okùn DNA tuntun kúrò lára ti àtijọ́. Bí àwọ̀ bá ti lọ, eérú lásán ló kù. PDF lórí fóònù tó ní àwọ̀ sàn ju fọ́tòkọ́pì tó mọ́lẹ̀ kedere lọ.

Campbell náà ní ìwé tó fara jọ ara wọn. *Concepts & Connections* fúyẹ́ ju ìwé gangan lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni *Concepts of Biology* ti OpenStax, tí wọ́n kọ fún ẹni tí báyọ́lọ́jì kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò ní gbé ẹni tó fẹ́ kọ́ ìṣègùn tàbí báyọ́kẹ́místrì dé ibi tó ń lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìwé materials science

*Materials Science and Engineering: An Introduction* ti Callister, tí Rethwisch bá a kọ láti ẹ̀dà kẹjọ. Ẹ̀dà kẹwàá jáde ní 2018. Ẹ má wulẹ̀ náwó lé ẹ̀dà tuntun. Láti ẹ̀dà keje títí dé ìkẹwàá, orí 2 sí 10 wà níbi tí wọ́n wà: átọ́ọ̀mù, kírísítàlì, àbùkù inú kírísítàlì, diffusion (bí átọ́ọ̀mù ṣe ń rìn gba inú ohun líle), agbára irin, títí dé phase diagram (àwòrán tó ń fi ipò tí ohun kan wà hàn bí ooru àti àpòpọ̀ rẹ̀ bá ṣe rí). Nọ́ńbà ìbéèrè ìdánrawò ló ń yí padà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní kí ẹ ṣe ìbéèrè 3.12, ẹ bi í léèrè ẹ̀dà wo ló ń lò, tàbí kí ẹ da ìbéèrè náà kọ látinú ìwé ẹlòmíràn. A ti rí kíláàsì tí ìdajì wọn ṣe ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò fún wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí: àwọn òǹkọ̀wé yìí kan náà ní ìwé kejì, *Fundamentals of Materials Science and Engineering*, tí wọ́n kọ «An Integrated Approach» sí abẹ́ rẹ̀. Nínú èyí, orí 4 jẹ́ ti pólímà, diffusion sì wà ní orí 6. Nínú ìwé tí à ń wí, orí 4 jẹ́ ti àbùkù inú kírísítàlì, diffusion sì wà ní orí 5. Ẹ wo ojú ewé àkóónú kí ẹ tó sanwó. Ìwé Askeland náà dára bí òun ni ilé ìkàwé yín ní.

Bí orí kan bá le, Yunifásítì Cambridge ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ DoITPoMS, tó ní àwòrán tó ń rìn. Fún àbùkù inú kírísítàlì, ó ṣòro kí àwòrán tó dúró sójú kan tó fi hàn yín bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kí ẹ máa lò ó gẹ́gẹ́ bí ọbẹ̀. Ìwé ni oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ yẹ ìwé tòkunbọ̀ wò kí ẹ tó gbé e kúrò ní ìsọ̀

Ẹ mú ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn ìwé: ṣé ìdáhùn àti àwọn tábìlì nọ́ńbà ṣì wà? Ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ya. Ẹ wá ṣí àwọn ojú ìwé wéré, kí ẹ máa wo nọ́ńbà wọn. Ìdì ìdì ni wọ́n ń di ìwé, ojú ìwé 16 tàbí 32 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìdì odindi ló máa ń yọ, kì í ṣe ojú ìwé kan.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́ orí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọdún tó wà níwájú ìwé lè jẹ́ ọdún tí wọ́n tún un tẹ̀ lásán.

Nínú periodic table, ẹ wá nọ́ńbà 113. Bí ó bá jẹ́ Nh ni wọ́n kọ, wọ́n ti tún ìwé náà ṣe lẹ́yìn 2016, ọdún tí orúkọ nihonium di òtítọ́. Bí ó bá jẹ́ Uut, orúkọ onígbà díẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, ó ti ṣáájú ìyẹn. Èyí kò ba ìwé jẹ́.

Nínú orí gáàsì, ẹ wo ìwọ̀n àyè tí móòlù kan gbà ní s.t.p. (ìwọ̀n ooru àti ìfúnpá tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n). Ìwé kan á kọ 22.4 dm³, òmíràn á kọ 22.7. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. 22.4 jẹ́ ti ìfúnpá 1 atm; 22.7 jẹ́ ti 1 bar, tí IUPAC, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣètò òdiwọ̀n kẹ́místrì, yí sí ní 1982. Gáàsì móòlù ìdajì á jẹ́ 11.2 lójú ọ̀kan, 11.35 lójú èkejì. Èyí tí ìbéèrè bá fún yín ni kí ẹ lò. Ìdánwò WAEC máa ń kọ 22.4 síbẹ̀.

Nínú báyọ́lọ́jì, ẹ wo iye ATP (mólékù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbé agbára) tí glúkóòsì kan ń mú wá. 36 tàbí 38 ni ìwé àtijọ́ ń sọ; ti ìsinsìnyí ń sọ nǹkan bí 30 sí 32, torí pé agbára kan ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Bákan náà, bí ìwé kan bá pín ohun alààyè sí ìjọba márùn-ún tí Monera (ẹgbẹ́ bakitéríà) wà nínú rẹ̀, tí kò sì dárúkọ Archaea (ohun alààyè onísẹ́ẹ̀lì kan tó yàtọ̀ sí bakitéríà) rárá, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń múra ìdánwò sẹ́kọ́ńdírì. Láti 1990 ni Carl Woese àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dábàá domain mẹ́ta, ìpín tó ga ju ìjọba lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ kọ ẹ̀dà, ọdún, àti ìdáhùn sí ìbéèrè 113, s.t.p. tàbí ATP sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé náà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Ọjọ́ tí ìdáhùn yín bá yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ hun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀

Nọ́ńbà orí tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti *Chemistry 2e*, *Biology 2e* àti Callister.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 4: kẹ́místrì orí 1 sí 4, báyọ́lọ́jì orí 1. Ẹ má fọwọ́ kan Callister. Wákàtí méjì rẹ̀, ẹ fi kún ti kẹ́místrì.

Ọ̀sẹ̀ 5 sí 7: kẹ́místrì orí 6 àti 7, báyọ́lọ́jì orí 2 àti 3, Callister orí 2. Ẹ ó rí i pé orí 2 Callister fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtúnsọ kẹ́místrì tí ẹ ń kà lọ́wọ́. Ẹni tí kò kọ́kọ́ ka kẹ́místrì ni ọ̀rọ̀ yẹn ń dí lọ́nà.

Ọ̀sẹ̀ 8 sí 10: kẹ́místrì orí 9 àti 10, báyọ́lọ́jì orí 4 àti 5, Callister orí 3. Orí 10 kẹ́místrì ló ń ṣàlàyé bí mólékù ṣe ń fa ara wọn, ohun tí awọ sẹ́ẹ̀lì inú orí 5 báyọ́lọ́jì dúró lé nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ 11 sí 13: kẹ́místrì orí 12, lẹ́yìn náà orí 5, báyọ́lọ́jì orí 6 àti 7, Callister orí 4 àti 5. Ẹ má yí èyí po. Ìlà Arrhenius (tó ń fi hàn bí ooru ṣe ń mú ìyípadà kẹ́místrì yára) tó wà ní orí 12 kẹ́místrì àti ìlà diffusion inú orí 5 Callister rí bákan náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ln.

Ọ̀sẹ̀ 14 sí 16: kẹ́místrì orí 13 àti 14, báyọ́lọ́jì orí 14 àti 15, Callister orí 6.

Bí ẹ bá pẹ́ sẹ́yìn, báyọ́lọ́jì ni kí ẹ dá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan, kì í ṣe kẹ́místrì. Bí kẹ́místrì bá dúró, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró.

Ìgbésẹ̀ keje: bí a ṣe ń ṣe orí kan

Ẹ kọ́kọ́ wo gbogbo àwòrán orí náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, ẹ máa ka ojú ìwé mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé àpẹẹrẹ, ẹ fi pépà bo ìdáhùn rẹ̀, kí ẹ ṣe é fúnra yín, kí ẹ tó ṣí i wò. Ẹni tó kà á láì bò ó á sọ pé «ó ti yé mi», títí di ọjọ́ ìdánwò. Ìbéèrè mẹ́wàá ní ìparí orí, kí ẹ tún mẹ́ta ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì láìwo ti àkọ́kọ́. Fún báyọ́lọ́jì, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ ya àwòrán náà látorí; ibi tí ọwọ́ yín bá ti dúró ni ibi tí kò yé yín.

Àpẹẹrẹ kan látinú orí 3 Callister: dẹ́ńsítì bàbà. Bí wọ́n ṣe ń to ọsàn sórí àtẹ lẹ́bàá títì, tí èyí tó wà lókè ń jókòó sínú kòtò tó wà láàárín àwọn tó wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni átọ́ọ̀mù bàbà ṣe tò. FCC (face-centred cubic) ni wọ́n ń pè é. Ẹ mú ọsàn mẹ́rìnlá yín: mẹ́jọ fún igun àpótí, mẹ́fà fún àárín ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọsàn igun jẹ́ ti àpótí mẹ́jọ, torí náà ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ ló jẹ́ tiwa. Ti ojú jẹ́ ti àpótí méjì. Ìyẹn ni 8 × ⅛ + 6 × ½ = 4.

Láti àárín átọ́ọ̀mù bàbà dé etí rẹ̀ (R) jẹ́ 0.128 nm. Ojú àpótí ni átọ́ọ̀mù ti fara kan ara wọn, láti igun dé igun, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ àpótí jẹ́ 2R√2 = 0.362 nm = 3.62 × 10⁻⁸ cm. Ìwọ̀n àyè àpótí ni ẹ̀gbẹ́ × ẹ̀gbẹ́ × ẹ̀gbẹ́: 4.74 × 10⁻²³ cm³. Ìwọ̀n átọ́ọ̀mù mẹ́rin jẹ́ 4 × 63.55 ÷ 6.022 × 10²³ (bọ́tìnnì EXP!). Ẹ fi ìwọ̀n àyè àpótí pín in: 8.9 g/cm³. Èyí tí wọ́n wọ̀n ní yàrá àyẹ̀wò jẹ́ 8.94.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá rí nǹkan bí 2.2, átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lẹ kà. Bí ó bá jẹ́ 31, ẹ ka ọsàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lódindi. Bí ó bá jẹ́ 25, ẹ rò pé átọ́ọ̀mù fara kan ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹ sì lo 2R. Ẹ gbé ọsàn náà tò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti kan ara wọn gan-an, kí ẹ tó padà sí ìwé.